Hẹ́dímásítà Gorí Kànga ní Fẹ́nísì

Ní Ẹ̀gbẹ́dá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìpájà, bí ẹ bá béèrè ilé Bàbá Julius Olúbọ̀dé lọ́wọ́ ẹni tó ń lẹ táyà, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé, "Ṣé Hẹ́dímásítà?" Kí ẹ tó dáhùn, yóò ti nàka sí pátákó rẹ̀. Lẹ́tà kan fò nínú ohun tó kọ síbẹ̀. Odidi ọdún mẹ́ta ni lẹ́tà náà fi sọnù, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àtilẹ táyà, àfi ọjọ́ tí bàbá yìí gba ibẹ̀ kọjá. Ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó padà sílé lọ mú ẹfun ìkọ̀wé, ó sì fi lẹ́tà náà sí àyè rẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó kúrò.

Irú ẹni tó jẹ́ nìyẹn. Ọmọ Èkìtì ni, orí òkè ni wọ́n bí i sí, ó sì fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí ìlú tí kò lè yà sára pátákó láìwo ìwé. Ó mọ ibi tí odò Náìlì ti ṣẹ̀, ó mọ ohun tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ ní Peru. Ṣùgbọ́n ibi tó jìnnà jù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tíì dé ni Ìdìrókò, níbi tó ti fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀ àwọn Faransé, tó sì tètè gbé e padà nítorí pé kò ní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ nípa rẹ̀, títí kan ìyàwó rẹ̀ kó tó dolóògbé. Ẹ̀rù omi ń bà á. Kì í ṣe omi mímu o, kì í sì í ṣe omi ìwẹ̀. Omi tó bá ti ju bókẹ́ẹ̀tì lọ ni òun àti rẹ̀ ò jọ rẹ́. Bí nǹkan bá gbé e lọ sí Erékùṣù Èkó, àárín ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, a sì ṣí ìwé ìròyìn bo ojú títí ọkọ̀ yóò fi sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá. Àwọn èrò a máa wò ó pé, ẹ ò rí bàbá yìí bó ṣe fẹ́ràn ìwé tó.

Ní ọdún 1991, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Títí, àti Olúgbénga ọkọ rẹ̀ wá kí i láti Gowon Estate. Wọ́n mú Adébùnmí ọmọ wọn dání, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ẹnjiníà ni Olúgbénga, ilé iṣẹ́ àwọn ará Ítálì kan tó ń ṣe afárá ló ń bá ṣiṣẹ́. Ó ti pé ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì bàálù láti fi yẹ́ ẹ sí. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Bẹ́pẹ̀ tó ti padà sílé lọ sinmi, tún kọ̀wé pé ilé ìyá òun ṣófo, kí wọ́n wá ṣe Kérésì níbẹ̀.

Olúgbénga dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ̀yin àti Mọ́mì mi la fẹ́ mú lọ. Ẹ ti kọ́ wa ní ayé yìí tó, ó yẹ kí ẹ̀yin náà lọ wò ó."

Ojú Hẹ́dímásítà tàn bí iná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú dé. "Ìlú wo ni, ọmọ mi?"

"Fẹ́nísì ni, sà."

Iná lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ ọmọ tó ju ẹgbẹ̀rún kan lọ pé ìlú tí títì rẹ̀ jẹ́ omi ni Fẹ́nísì. Ó tẹ́nu mọ́ ọn nígbà náà pé kí wọ́n fa ìlà sí i nídìí.

"Ìyẹn dára," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n eegun mi, ẹ mọ̀ pé òtútù..."

"Bàbá àgbà," Adébùnmí dá a dúró, "àbí ẹ ò mọ ọ̀nà ibẹ̀ ni?"

"Èmi? Èmi ni mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀?" Kí bàbá tó mọ̀, ó ti dìde, ó ti ń fi ìka ya máàpù Ítálì sára ògiri pálọ̀. Nígbà tó fi yà á dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbà láti lọ.

Ìyá Olúgbénga ni Màmá Agnes Ọmọ́tọ́ṣọ́. Ìkòtún ló ń gbé, aṣọ akọrin ló ń rán fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì. Ìlàjẹ ni, abúlé kan tó dúró lórí omi nísàlẹ̀ Ìgbọ́kọ̀dá ni wọ́n ti bí i, ó sì mọ ọkọ̀ wà kó tó mọ bí wọ́n ti ń ró ìró. Nígbà tí wọ́n ròyìn Fẹ́nísì fún un, pé inú omi ni wọ́n kọ́lé sí, pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń lọ sọ́jà, ó ń wò wọ́n títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ jẹ́ kó yé mi," ló wí. "Bàálù la fẹ́ wọ̀ lọ wo ìyẹn?"

Láti ọjọ́ náà ni Hẹ́dímásítà ti ń ka ìwé lójú méjèèjì. Inú ìwé atọ́nà kan tó ti gbó, tó yá ní ilé ìkàwé, ló ti rí ìgbàlà. Afárá gígùn kan wà tí mọ́tò ń gbà wọ ìlú náà láti orí ilẹ̀. Níbi tí afárá parí sí, ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ lè rìn débi gbogbo, nítorí afárá kéékèèké tó wà nínú ìlú lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ó pa ìwé náà dé, ó sì kọ orin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin sí Kérésì ni wọ́n dé. Òtútù ibẹ̀ ń bu èèyàn ṣán. Hẹ́dímásítà wọ súẹ́tà mẹ́ta lé ara wọn lábẹ́ kóòtù òkìríkà, kò lè fi apá kan ìhà mọ́. Bọ́ọ̀sì gba orí afárá gígùn náà, ó sì já wọn sílẹ̀ létí omi. Bẹ́pẹ̀ ti ń dúró dè wọ́n nínú ọkọ̀ kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnnì, inú rẹ̀ ń dùn, ó na ọwọ́ sí bàbá pé kó wọlé. Hẹ́dímásítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó mì í dáadáa, ó sì gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Èmi ó fẹsẹ̀ rìn," ló wí.

"Bàbá mi, ó jìnnà o," Títí pariwo.

"Ìlú tó lọ́jọ́ lórí tó báyìí, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń wọ̀ ọ́. Àìmọ̀kan ló ń mú ni gun nǹkan wọ̀lú."

Olúgbénga ò lè fi bàbá ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Àwọn obìnrin àti ẹrù wọ ọkọ̀, wọ́n sì délé kí ìṣẹ́jú ogún tó pé. Wákàtí méjì gbáko ni ti àwọn ọkùnrin, nítorí pé máàpù Hẹ́dímásítà ti dàgbà ju Olúgbénga lọ, bàbá sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn tí wọn ò ka jọ́gíráfì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kí ìyá arúgbó kan náà tó ń gbá iwájú ilé rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá náà fún wọn ní àga.

Nígbà tí wọ́n délé, Màmá Agnes ti ro ẹ̀bà, ó ti fi ẹja gbígbẹ tó dì wá láti Ìkòtún se ọbẹ̀, òórùn rẹ̀ ti gba àtẹ̀gùn. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá ìyàwó ọmọ rẹ̀ bó ti yẹ.

"Ẹ kú ìrìn o, àna wa. Ṣé Bàdágírì lẹ gbà wá ni?"

 Hẹ́dímásítà ń wá bí yóò ṣe bọ́ bàtà.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń bá a fa ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ èrò ojú omi, èyí tó ń rìn bíi mólúè láti ibùdókọ̀ dé ibùdókọ̀. Bàbá ní inú ń run òun díẹ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí àwọn lọ sí erékùṣù tí wọ́n ti ń fẹ́ dígí. Ó ní òun ń gba ààwẹ̀. Títí sì ń wò ó bó ti ń jẹ búrẹ́dì.

"Bàbá mi, irú ààwẹ̀ wo nìyẹn?"

"Ti ọkọ̀," Hẹ́dímásítà dáhùn, ó sì bọ́ síta kánkán.

Ní ti Màmá Agnes, ìlú náà bá a lára mu bí ẹni pé ó padà sílé. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Álídò, inú ọkọ̀ tó so mọ́ ìdí afárá ló ti ń ta ewébẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kìíní, màmá sọ̀ kalẹ̀ lọ ra tòmátì lọ́wọ́ rẹ̀. Álídò sọ èdè tirẹ̀, màmá sọ ti Ìlàjẹ, wọ́n ná ọjà náà títí, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé nínú wọn. Ní ọjọ́ kẹta, màmá ti ń bá a wí pé bó ṣe so okùn ọkọ̀ rẹ̀ kò dára, ó tú u, ó sì tún un so. Álídò yẹ okùn náà wò, ó ṣí fìlà fún un. Láti ìgbà náà, ìyá náà kì í ra nǹkan kí ó má gba ọ̀sàn ẹ̀bùn.

Ní ọjọ́ Kérésì, lẹ́yìn oúnjẹ, Hẹ́dímásítà dìde láti kọ́ ìdílé náà lẹ́kọ̀ọ́. Ó ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ láti Ẹ̀gbẹ́dá.

"Ohun ìyanu ńlá ni ìlú yìí," ló wí, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ gbọ́ o. Àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ igi, wọ́n gbá wọn mọ́ inú ẹrẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àìmọye igi, wọ́n sì kọ́lé lé e lórí. Adébùnmí, irú ọgbọ́n báyìí, ǹjẹ́ o rò pé ó wà níbòmíràn láyé?"

"Ó wà ní ilé bàbá mi," Màmá Agnes dáhùn láti ibi tó ti ń bó ọ̀sàn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Gbénga, ọ̀rọ̀ ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù là ń sọ."

"Ẹ má bínú, àna wa. Àmọ́ igi la gbá mọ́ ẹrẹ̀, ilé la kọ́ lé e. Nígbà tí igi kan bá jẹrà, bàbá mi á wọ inú omi lọ pààrọ̀ rẹ̀, a ó sì máa jẹun lọ lókè. Ohun tí àwọn èèyàn yìí fi jù wá lọ ò ju òkúta lọ."

Adébùnmí bú sẹ́rìn-ín. Olúgbénga wo àjà. Hẹ́dímásítà wò yíká bí ẹni tí ẹfun rẹ̀ ti tán lẹ́nu iṣẹ́, ó sì jókòó.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésì, kí àwọn yòókù tó jí dáadáa, ó mú ìwé ìkọ̀wé rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí gbàgede kékeré kan tó fẹ́ràn, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ilẹ̀ ni gbogbo ibẹ̀, òkúta ni wọ́n tẹ́ sí i, omi kan ṣoṣo tó sún mọ́ ọn wà ní ìkángun, lẹ́yìn òpó. Kànga àtijọ́ kan wà láàárín gbàgede náà, wọ́n fi òkúta yí i ká, wọ́n sì ti fi irin bo ẹnu rẹ̀. Ó jókòó tì í, ó ń kọ gbogbo ohun tí Fẹ́nísì fi ju Ìlàjẹ lọ sílẹ̀. Ó ti kọ méjì.

Bí ó ti ń ronú ìkẹta, fèrè ńlá kan dún lórí gbogbo ìlú, ó dún, ó tún dún. Hẹ́dímásítà wo aago rẹ̀. Ó rò pé fèrè iṣẹ́ ni, bíi ti àwọn ilé iṣẹ́ Ìkẹjà. Ó tilẹ̀ yìn wọ́n nínú ọkàn rẹ̀ pé wọn kì í fi ọjọ́ ìsinmi ṣeré. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn, àwọn kan ń gbé pákó sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá rò pé ọlọ́ṣà ni wọ́n ń sá fún, ó sì di àpò rẹ̀ mú.

Ìgbà tí bàtà rẹ̀ tutù ló tó wo ilẹ̀. Omi ń sun jáde láti inú ihò àárín òkúta, láìsọ̀rọ̀, bí ẹni tó mọ ilé. Láti ìkángun gbàgede náà, òmíràn ń bọ̀. Àwọn méjèèjì pàdé níbi tí Hẹ́dímásítà wà. Fèrè tó dún ni wọ́n fi ń kìlọ̀ fún ìlú pé òkun ń kún bọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni bàbá náà. Súẹ́tà mẹ́ta ló wọ̀. Títí dòní, kò lè ṣàlàyé bí òun ṣe gorí kànga. Ohun tó mọ̀ ni pé òun ṣàdédé bá ara òun lókè ibẹ̀, òun dúró lórí ìdérí irin, ìwé lábẹ́ apá, omi sì yí òun ká láti ògiri dé ògiri. Ibẹ̀ ló tó yé e pé orí kànga lòun sá fún omi lọ.

Obìnrin kan ṣí fèrèsé lókè, ó rí i, ó sì pe aládùúgbò rẹ̀. Láìpẹ́, orí ti yọ ní gbogbo fèrèsé. Wọ́n ń pè é ní "Nónò! Nónò!" èyí tí í ṣe bàbá àgbà lédè wọn. Hẹ́dímásítà juwọ́ sí wọn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó wá ṣí ilé ìwé. Ọkùnrin kan tó wọ rénbúùtù dé itan wọ́ inú omi wá, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe pé kó jẹ́ kí òun pọ̀n ọ́n.

"O ṣeun," Hẹ́dímásítà fi gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. "Ìsinmi ni mo wá lò."

Nílé, wọ́n ti wá a títí. Olúgbénga ti sá jáde gba orí pákó tí àwọn ìjọba ìlú tẹ́ fún ẹlẹ́sẹ̀, ó sì kọrí sí ibi tí kò yẹ. Adébùnmí ló ní, "Ibi kànga ni wọ́n wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ̀wé." Títí di orí mú. Màmá Agnes ti wọ súẹ́tà, ó ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Álídò. Ohun tó sọ fún un kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ, ó fi ọwọ́ ya irùngbọ̀n Hẹ́dímásítà sí àgbọ̀n ara rẹ̀, ó sì nàka. Álídò tú ọkọ̀ kékeré kan tó wà lẹ́yìn ti ewébẹ̀, ó dúró nídìí rẹ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ gígùn. Màmá Agnes mú àjẹ̀ kejì, ó jókòó síwájú.

Ohun tí Hẹ́dímásítà rí nìyẹn nígbà tó gbójú sókè. Ọkọ̀ kan gba orí ìkángun omi kọjá, ó wọ inú gbàgede bí ẹni wọ pálọ̀. Ìyá ọkọ ọmọ rẹ̀ ló ń wà á, àjẹ̀ náà ń wọ omi láìta ẹ̀kán kan. Wọ́n dé ìdí kànga. Màmá Agnes gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ sà, àna wa."

Ọkọ̀ fì sápá ọ̀tún, ó fì sápá òsì.

"Ẹ má kúnlẹ̀!" Hẹ́dímásítà kígbe. "Mo bẹ̀ yín, Ìyá Gbénga, ẹ má kúnlẹ̀! Mo ti gbà á! Ẹ jókòó!"

"Ó dáa, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá."

"Màá dúró kí omi lọ."

"Ó lè di ọ̀sán kó tó lọ, òtútù yóò sì ti pa yín."

Bàbá wo omi, ó wo ọkọ̀, ó wo gbogbo orí tó wà lójú fèrèsé.  Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sọ ọ́ jáde.

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Màmá Agnes ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rù kí ni?"

"Omi. Láti ìgbà ọmọdé ni. Ó ba ayé mi jẹ́ nígbà kan. Ọdún 1947, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, ìjọ rán mi lọ kọ́ àwọn ọmọ lágbègbè yín níbẹ̀. Mo dé Ìgbọ́kọ̀dá pẹ̀lú àpótí mi. Wọ́n fi ọkọ̀ hàn mí. Mo wo ọkọ̀ náà títí, mo sì padà lọ sí Èkìtì. Mo kọ̀wé pé ibà ń ṣe mí. Wọ́n rán mi lọ síbòmíràn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí."

 Màmá Agnes di òkúta kànga mú kí ọkọ̀ má baà kúrò.

"Abúlé wo ni wọ́n rán yín lọ?"

"Ugbó-Òkun."

"Ẹ̀yin ni!" Màmá Agnes pariwo, ẹyẹlé fò lórí ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀yin ni Tíṣà Tuntun! Háà! Abúlé mi nìyẹn! Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà! A gbá ilé ìwé, a yan ẹja, odidi ọjọ́ márùn-ún la fi wọ aṣọ ìsinmi létí omi, à ń retí yín!"

"Ẹ... ẹ dárí jì mí."

"Ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹfà, àwọn apẹja dé, wọ́n ní wọ́n rí fìlà kan lórí omi. Àwọn àgbà ní tíṣà ti rì. A sunkún! A ṣe ìsìn yín! Èmi ni mo lé orin ìsìnkú!"

Hẹ́dímásítà gbàgbé omi pátápátá. "Ẹ sin mí?"

"Pẹ̀lú ìwàásù! Katikíìsì ní ẹ jẹ́ ọmọlúwàbí, ẹ fi ẹ̀mí yín lélẹ̀ nítorí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé."

"Ta ló ni fìlà náà?"

"Èwo ni tèmi! Mo ti ń sunkún yín láti ọdún mẹ́rìnlélógójì, ẹ wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ ń tún pátákó onítáyà ṣe!"

Nígbà náà ni ẹ̀rín mú Màmá Agnes. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú, Álídò tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan pàápàá ń rẹ́rìn-ín, àwọn ojú fèrèsé sì gbà á lẹ́nu wọn. Hẹ́dímásítà gbìyànjú láti le ojú. Kò lè le. Ẹ̀rín tú u nídìí lórí kànga, ó fi ìwé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì.

Màmá Agnes nu ojú, ó na ọwọ́ sókè. "Ó yá, ẹ máa bọ̀. Òkú kì í bẹ̀rù omi."

Hẹ́dímásítà fi ẹsẹ̀ kan sọ̀ kalẹ̀, ó fi èkejì sọ̀ kalẹ̀, ó sì di ojú rẹ̀ pinpin. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ láti òkè. Bí ọkọ̀ ti ń lọ, ó fi ọwọ́ kan di etí ọkọ̀ mú, ó fi èkejì di súẹ́tà màmá mú lẹ́yìn, ó ń ka orúkọ àwọn olú-ìlú ilẹ̀ Yúróòpù lábẹ́ ahọ́n bí ẹni ń gbàdúrà.

"Ẹ lajú," Màmá Agnes wí, kò wẹ̀yìn. "Ìlú tí ẹ fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ni, ẹ fẹ́ gbà á kọjá bí afọ́jú?"

Ó la ojú kan. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Àwọn ilé ńlá náà jókòó sórí omi, wọ́n sì tún dorí kodò sínú rẹ̀, pẹ̀lú fèrèsé àti aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Hẹ́dímásítà la ojú kejì. Ó ya ẹnu láti ṣàlàyé. Wọ́n kọjá lábẹ́ afárá kan kó tó ní, "Ó ga o," ìyẹn nìkan ló sì sọ títí wọ́n fi délé.

Kí wọ́n tó kúrò ní Fẹ́nísì, ó wọ ọkọ̀ èrò lẹ́ẹ̀mẹrin. Àárín gbùngbùn ló ń jókòó sí, Adébùnmí ní láti di ọwọ́ rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò ṣí ìwé bojú.

Wọ́n padà sílé. Màmá Agnes ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Ní Àjíǹde ọdún 1992, ó wá ká bàbá mọ́ Ẹ̀gbẹ́dá pẹ̀lú àpótí aṣọ tirẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó dìde, Ugbó-Òkun ṣì ń retí tíṣà. Títí ra jákẹ́ẹ̀tì pupa kan fún bàbá rẹ̀, irú èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ó wọ̀ ọ́ láti Ẹ̀gbẹ́dá. Àwọn èrò inú mọ́tò ò yé wò ó títí wọ́n fi dé Ọ̀rẹ̀.

Ní Ìgbọ́kọ̀dá, ó dúró wo ọkọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.  Nígbà tó yá, bàbá tẹ fìlà rẹ̀ mọ́rí, ó sì wọlé.

Àwọn tó sunkún rẹ̀ lọ́jọ́sí tó kù láyé lé díẹ̀ ní mẹ́wàá, gbogbo wọn ti hewú. Wọ́n fọwọ́ kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá kan bínú gidi, ó ní ẹja tí òun yan nígbà náà tóbi. Wọ́n wá ní kò tọ́ kí ẹni tí wọ́n ti sin nínú ṣọ́ọ̀ṣì máa rìn kiri báyìí láìjẹ́ pé wọ́n tú ìsìn náà. Katikíìsì tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, ọ̀dọ́kùnrin kan, yẹ ìwé àdúrà wò títí, kò rí èyí tó bá a mu. Níkẹyìn, ó ka ìsìn ìdúpẹ́ tó wà fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Hẹ́dímásítà kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì pupa rẹ̀ lọ́rùn, ó sì ń dáhùn "Àmín" níbi tó yẹ.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kó àwọn ọmọ jọ sí ilé ìwé. Orí igi ló dúró sí, omi ń lọ nísàlẹ̀ láàárín pákó. Màmá Agnes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó sí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n ká ẹsẹ̀ kò, ìjókòó náà kéré sí wọn. Hẹ́dímásítà mú ẹfun, ó ní jọ́gíráfì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ó sì bi wọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní ìbéèrè.

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Sà, wọ́n ní orí òkè ni ìlú yín. Bí kò bá sí omi níbẹ̀, kí lẹ ń gbà lọ sí ilé ara yín?"

Hẹ́dímásítà ronú sí i dáadáa. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí pátákó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya òkè Èkìtì.